Ẹ̀sùn: Ẹ Má Fi Ọ̀dà Bo Ebu Ilé Ìwẹ̀ Wa Mọ́

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Bójú Tó Ilé Tí À Ń Gbé l'Ékòó,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sílíìnì ilé ìwẹ̀ wa àti òkè ògiri tó pààlà pẹ̀lú yàrá tún ti bu dúdú. Ọ̀dà ni àwọn òṣìṣẹ́ yín máa ń kun lé e, wọ́n á sì lọ. Ọ̀dà kì í pa ebu. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rinrin bá ṣì wà níbẹ̀, ebu á gba inú ọ̀dà hù jáde, ọ̀dà náà á sì máa bó.

Kí ẹ má baà sọ pé páìpù ló ń jò, a ti fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri náà, a dí etí rẹ̀ pinpin títí di ọjọ́ kejì. Ká ní inú ògiri ni omi ti ń wá ni, ẹ̀yìn ọ̀rá ni ì bá wà. Iwájú rẹ̀ la ti bá a. Ooru omi ìwẹ̀ ni. A/C yàrá ló ń mú ògiri yẹn tutù, ìdí nìyẹn tó fi ń bu ju àwọn yòókù lọ.

Fáànù tí ẹ fi síbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ń fà lóòótọ́: bí a bá gbé tíṣù sí ẹnu rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ níbo ló ń fẹ́ ẹ sí? A yọ ìdérí rẹ̀, kò sí páìpù kankan tó jáde síta. Orí POP tí wọ́n fi ṣe sílíìnì náà ló ń tú gbogbo ooru náà sí, POP sì ń mu omi.

Ẹ fi páìpù sí i kó gba ògiri jáde, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá ìta kí omi má baà ṣàn padà sínú fáànù. Fáànù náà gbọ́dọ̀ lè fa ó kéré tán 85 kíúbíkì mítà afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan. Ẹ gé abẹ́ ilẹ̀kùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, torí afẹ́fẹ́ tí kò rónà wọlé ò ní rónà jáde. Ẹ so táímà mọ́ ọn, kó máa ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìwẹ̀. Ìyẹn bí iná bá wà ṣá. Ẹ bá wa ṣí wíńdò tí ọ̀dà yín ti lẹ̀ pa pẹ̀lú.

POP tó ti rọ̀ kò ṣeé fọ̀, ẹ gé e kúrò. Sílíkóònù tó ti dúdú létí básíà ìwẹ̀ náà, ẹ họ ọ́ dànù, ẹ fi tuntun sí i, ká má sì da omi sí i fún wákàtí 24. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ táìsì. Bí ẹ bá fẹ́ lo bílíìṣì, kó má ju ife kan lọ nínú lítà omi 4. Ẹ jọ̀ọ́, kí òṣìṣẹ́ yín má tún pò ó mọ́ oògùn ìfọ̀ṣáláńgá: gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tán ni ọ̀dà kàn. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bó bá jẹ́ ọ̀dà nìkan ni wọ́n tún gbé wá, a ò ní ṣílẹ̀kùn.

Àwa ayálégbé yín