Bísí, má fi oorun san owó ilé

Agbègbè Under-G,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Bísí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan? Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Baltimore kò tíì máa ṣe yín bó ṣe máa ń ṣe yín? Àwa ńlé wà, a dúpẹ́. Mo yà kí màmá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Sábó. Wọ́n fún mi ní gààrí, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí o kọ sí mi o, torí wọn ò ní sùn mọ́.

O ní o fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún, o wá kó kírẹ́dítì 18 ní sáà kan ṣoṣo! Organic Chemistry, Físíìsì àti Bàọ́lọ́jì papọ̀, kí o tún wá máa tọ́jú àwọn arúgbó fún wákàtí 30 lọ́sẹ̀, tó sì jẹ́ pé òru lèyí tó pọ̀ jù. O wá ní kí n sọ ọgbọ́n tí mo dá nígbà tí mo ń ka Biochemistry, tí mo tún ń bá wọn tajà nílé oògùn, kí n tó gba Direct Entry wọ ìmọ̀ ìṣègùn. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ìṣirò ni.

Mú bírò. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, Ọlọ́run ò sì fi ẹyọ kan lé e fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olùkọ́ lọ́hùn-ún máa ń ní wákàtí kan tí èèyàn bá fi jókòó ní kíláàsì, kí ó fi méjì kàwé rẹ̀ nílé. Wákàtí kan ní kíláàsì lọ́sẹ̀ ni kírẹ́dítì kan, kírẹ́dítì 18 ti di wákàtí 54 nìyẹn. Fi 30 ti ibi iṣẹ́ kún un, ó di 84. Tí o bá ń sun wákàtí mẹ́jọ lóru, 56 tún ti lọ. Ó ku 28, ìyẹn mẹ́rin lójúmọ́, inú rẹ̀ ni o ti máa wọ bọ́ọ̀sì, dáná, fọṣọ, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí o sì pe màmá rẹ. Mi ò tíì ka lábù o, tí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko nítorí kírẹ́dítì ẹyọ kan. Ibo lo ti fẹ́ rí èyí tó kù? Ara oorun ni. O sì ti ń mú un níbẹ̀, àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì gbé ọ kọjá ibi tí ò ń lọ?

Ní tèmi, kò sí kọ́ọ̀sì tí mo lè yọ. O mọ̀ bó ṣe rí níbí: èyí tí ẹ̀ka bá gbé síwájú rẹ lo máa jẹ, bí oúnjẹ ilé àna. Iṣẹ́ ni mo gé. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti ìgbà tí a bá gba ìsinmi. Ẹni tó bá ń wá mi ní ọjọ́ yòókù, kó lọ wò mí ní láíbúrárì.

Ẹ̀gbẹ́ Tákíè ni ilé oògùn náà wà, o sì mọ ariwo ọ̀kadà ibẹ̀. Ìyá tó ni ín kì í fẹ́ kí a ṣíwèé tí oníbàárà bá wà níwájú wa, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo wá ń kọ àkọsílẹ̀ mi sẹ́yìn páálí oògùn tó ti ṣófo, mo máa ń tì í sábẹ́ àwo tí a fi ń ka tábúlẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ní méjì-méjì tán, tí mo dà á sínú ọ̀rá kékeré, tí mo kọ iye tí wọ́n á máa lò sára rẹ̀, tí oníbàárà sì ti yíjú padà, páálí mi á jáde. Bàbá kan máa ń wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń rà torí owó. Tó bá tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí owó mìíràn á fi dé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí i pé oògùn tó dára lè wà lórí àtẹ kí ara aláìsàn má sì yá. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. AMCAS, ètò ìforúkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yín fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́, fi àyè 15 sílẹ̀ fún iṣẹ́ àti ìrírí, iṣẹ́ olówó sì wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn kí egbò má baà jẹ wọ́n lẹ́yìn kò jókòó lásán. Ṣùgbọ́n wákàtí 30 ti pọ̀ jù. Àwọn tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ, òfin ò gbà kí wọ́n ṣe ju 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Torí pé bàbá rẹ gba ìwé ìgbélùú fún ọ, òfin yẹn ò dè ọ́. Fi de ara rẹ.

Kí o sì yọ Físíìsì. Pẹ̀lú lábù rẹ̀, o ní kírẹ́dítì mẹ́rin ni, ó ku 14, o ṣì ju 12 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkókò kíkún. Tún un ṣírò: 42, pẹ̀lú 20, pẹ̀lú 56 ti oorun. Ó ku 50. O ti di èèyàn padà!

O ní ẹ̀rù àmì W, tí wọ́n ń kọ sí kọ́ọ̀sì tí èèyàn bá yọ, ń bà ọ́. W máa hàn nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ìṣirò GPA. F ló ń wọ ibẹ̀, bí o bá sì tún kọ́ọ̀sì náà ṣe tí o gba A, AMCAS á ka méjèèjì pọ̀. Màmá rẹ á ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi lé méjì, mo sì pa méjèèjì, àmọ́ mi ò sáré tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan náà.

MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yín, jọ̀ọ́, gbé e kúrò ní ọdún yìí. Wákàtí méjì ni JAMB tí a jọ ṣe, èèyàn lè fi ìgboyà àti àdúrà gbé e. Èyí ń gbà tó wákàtí méje àbọ̀ tí a bá ka ìsinmi àárín rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ló ń lo ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ kí wọ́n tó wọlé, ta ló ń lé ìwọ? Ṣọ̀ún wa gan-an, Ọba Ghandi Ọláoyè, iṣẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n ń ṣe l'Amẹ́ríkà kí ìtẹ́ tó kàn wọ́n ní 2023. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé kí ló pẹ́ wọn.

Kí o tó yọ ohunkóhun, dé ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́, kí o bi wọ́n bóyá kírẹ́dítì 12 tó fún sikọ́láṣípù rẹ, torí àwọn kan máa ń béèrè 15. Bi wọ́n pẹ̀lú ọjọ́ tí àyè àti yọ kọ́ọ̀sì máa parí, kí o sì kọ èsì sí mi kó tó dé. Èmi náà ní ìdánwò anatomy lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, apá àti ọwọ́ ni wọ́n ní ká kà, iṣan ibẹ̀ sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Màmá rẹ ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́, èyí tí ojú rẹ hàn dáadáa, kì í ṣe èyí tí ẹ ti fi fóònù tún ṣe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Rọ́nkẹ́.