Àjọkẹ́, Owó Kọ́ Ló Pa Á

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún àbúrò rẹ, pé ká ní o lówó bí àwọn ọlọ́lá ni, Ayọ̀mídé ọmọ rẹ ì bá wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọba kan fún ọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 1927, Nagako, olorì Hirohito ọba Japan, bí ọmọbìnrin wọn kejì. Sachiko ni wọ́n sọ ọ́. Kí ni wọn ò ní ní ààfin Tokyo? Síbẹ̀ kòkòrò àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó sì kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, 1928. Ó ku ọjọ́ 2 kó pé oṣù 6. Irú oògùn tí a fi ń bá àìsàn bẹ́ẹ̀ jà lónìí ò tíì sí láyé nígbà náà: oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni Alexander Fleming ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pẹnisílíìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lé ní ọdún 10 kó tó di ohun tí ilé ìwòsàn ń lò.

Owó kọ́, ọmọ mi. Àìbìkítà rẹ náà kọ́. O gbé ọmọ rẹ dé ilé ìwòsàn lásìkò, ojú mi ló ṣe.

Àwọn tó ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, ire ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n omi yẹn ní orúkọ, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Wọ́n ní wọ́n ṣe ọmọlangidi kan tó wúwo bíi Sachiko fún Nagako, ó sì ń gbé e mọ́ra. Àwọn ìyá ìbejì ilẹ̀ wa tó ń gbẹ́ ère fún èyí tó lọ kò ní bá a wí. Pe orúkọ Ayọ̀mídé bó bá ṣe wù ọ́. Ẹni tó bá dárúkọ àbíkú létí rẹ, dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò fún Nagako láyè. Oṣù Kọkànlá ọdún 1928 yẹn náà ni ayẹyẹ ìgbadé ọkọ rẹ̀ ní Kyoto, gbogbo ìlú sì ń retí ọmọkùnrin tí yóò jogún oyè. Obìnrin ló bí ní 1929, obìnrin ló tún bí ní 1931. Àwọn kan rọ Hirohito pé kó mú obìnrin mìíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. Akihito, ọmọkùnrin wọn, dé ní 1933. Mo ti sọ èyí fún ọkọ rẹ, ó sì yé e. Ẹni tó bá ń béèrè ìgbà tí òmíràn ń bọ̀, ní kó wá bi mí.

Nígbà tó bá sì wu ẹ̀yin méjèèjì, tí òmíràn dé, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò mu ọmú, tàbí tí kò mí délẹ̀, bí o ti ṣe fún Ayọ̀mídé náà ni kí o ṣe: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Má dáná, mo ń gbé ọbẹ̀ bọ̀. Má sì tíì fún ẹnikẹ́ni ní aṣọ ọmọ náà, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa tò ó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.