Ẹ yé pe àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní ọ̀lẹ

Sí Olóòtú,

Àròkọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe dáadáa ní Amẹ́ríkà dùn ún kà, àfi ibi tí òǹkọ̀wé ti ní ọ̀lẹ ni àwọn dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn tí ẹnu wa ń pè ní "akátá", pé ká ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ni, wọn ìbá ti là bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu wa, nílé àti ní Houston. Ìṣirò rẹ̀ kò pé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí a fi ń wé wọn. Dókítà tó kúrò n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò USMLE kó tó ráyè wọ ilé ìwòsàn wọn; ti nọ́ọ̀sì ni NCLEX. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ físà F-1 á gba ìwé I-20 láti ilé ìwé tó gbà á, á san 350 dọ́là owó SEVIS, ìyẹn owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, á sì fi hàn pé owó ọdún àkọ́kọ́ wà nílẹ̀. Lọ́tìrì físà pàápàá, kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò láti DV-2015, ẹni tí kò parí girama gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ fún ọdún méjì. Asẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ wa. Abájọ tó fi jẹ́ pé ó ju ìdajì àgbàlagbà Nàìjíríà tó wà lọ́hùn-ún lọ tó gba dìgírì. Ṣé ìdajì àwọn ará Mushin tàbí Ìsẹ́yìn ló gbà á?

Ọ̀rọ̀ ilé ló wá burú jù, torí ilé ni ogún tí ọ̀pọ̀ òbí ibẹ̀ ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ní 1934, ìjọba dá àjọ FHA sílẹ̀ láti máa dúró fún ẹni tó yáwó ra ilé: bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, wàá fi bí 20 ọdún san ìyókù. Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba mìíràn, HOLC, ya máàpù ìlú tó lé ní 200, ó sì kun àwọn àdúgbò ní àwọ̀ ewé, búlúù, yẹ́lò àti pupa. Pupa, tó túmọ̀ sí pé ó léwu láti yáni lówó ra ilé níbẹ̀, ni wọ́n máa ń kun ibi tí dúdú ń gbé. Ìlànà FHA fúnra rẹ̀ náà kò gbè wọ́n. Bó o tilẹ̀ jẹ́ káfíńtà tí kì í jẹ gbèsè, báńkì ò ní dá ọ lóhùn. Àwọn sójà tó ti ogun Hitler dé ní òfin GI Bill ti 1944, tó ń dúró fún wọn láti yáwó ra ilé. Síbẹ̀, ní 1947, nínú 3,229 owó yíyá tí òfin yẹn dúró fún ní ìlú 13 ní Mississippi, méjì péré ló bọ́ sọ́wọ́ dúdú. Owó orí ilé ló sì ń bọ́ ilé ìwé àdúgbò, nítorí náà ibi tí ilé kò bá ti níye lórí, ilé ìwé ibẹ̀ á rù.

Ọdún 1968 ni òfin tó ka ìwà yìí léèwọ̀ jáde, ọjọ́ keje lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. Lónìí, FHA kan náà ń dúró fún ọmọ Yorùbá tó ní green card, bó bá lè mú ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ (8,750 dọ́là lórí ilé 250,000), tí credit score rẹ̀, ìyẹn máàkì tó ń fi hàn bó ṣe ń san gbèsè, sì tó 580.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé gan-an ńkọ́? Ìjà wọn wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún wa. Lábẹ́ òfin ìwọ̀lú ti 1952, ìpín 100 èèyàn lọ́dún ni ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso bíi tiwa ní. Oṣù October 1965 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó yí ìyẹn padà, kò tíì pé oṣù méjì sí òfin ìdìbò tí àwọn dúdú jẹ ẹgba lé lórí ní ìlú Selma ní Alabama.

Wọn kì í sì í ṣe àjèjì l'Ékòó. James Churchwill Vaughan, dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ káfíńtà láti Camden ní South Carolina, dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855, ó sì wà lára àwọn tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi tó dá dúró sílẹ̀ l'Ékòó ní 1888. Howard àti Lincoln, ilé ìwé àwọn dúdú, ni Azikiwe lọ.

Lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn máa ń bú àwọn ọmọ wa nílé ìwé, ìyẹn kò sì dára. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í béèrè ibi tí wọ́n bí ẹ sí. Ọmọ Guinea ni Amadou Diallo. Ìbọn 41 ni ọlọ́pàá New York yìn sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní 1999.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe irú ìfiwéra yìí, ẹ fi nọ́ọ̀sì wa wé nọ́ọ̀sì wọn, kí ẹ sì bi àwọn méjèèjì bóyá báńkì gbà kí bàbá wọn àgbà ra ilé.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta