Asíá tí Kẹ́hìndé mú nínú sọ́ọ̀bù

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, Ìyá ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé gan-an là ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Bàbá Ìbejì ló ní lọ́dún yìí, àwọn ọmọ ò ní lo ọlidé wọn tán níwájú tẹlifíṣọ̀n, pé ká gbé wọn lọ wo ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe forí lé Gettysburg nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania.

Tó o bá débẹ̀, wàá rò pé oko lásán ni. Pápá gbalasa, ọgbà igi èso, òkè kéékèèké, àpáta ńláńlá tí àwọn ọmọ ń gùn. Orí pápá yẹn làwọn ọmọ ogun àríwá àti ti gúúsù Amẹ́ríkà ti kojú ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1863. Ẹni tó kú, ẹni tó fara gbọgbẹ́, ẹni tí wọ́n mú àti ẹni tí wọn ò rí mọ́, àpapọ̀ wọn tó bí 51,000. A wọ gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi àwòrán ogun náà yí ògiri ká. Àwòrán kan ṣoṣo ni o, gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 370! Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹṣin inú rẹ̀. Ó ka mẹ́tàdínlógójì kó tó sú u.

Gbogbo ìyẹn dùn. Inú sọ́ọ̀bù ni nǹkan ti yí padà.

Ìgboro ni sọ́ọ̀bù yẹn wà o, kì í ṣe inú ọgbà ìtàn tí ìjọba fi pápá ogun náà ṣe. Àdúgbò tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìrántí fún àlejò ni, ìsọ̀ tẹ̀ lé ìsọ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ ṣàdéhùn nínú ọkọ̀ pé nǹkan kọ̀ọ̀kan ni, kí owó rẹ̀ sì dọ́gba. Ìwọ náà mọ ìwà ìbejì. Ohun tí Táyé bá gbà tí Kẹ́hìndé ò bá gbà, a ò ní sùn lóru ọjọ́ náà. Ìyá àgbà kan tó ń tajà níbẹ̀ kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fún àwọn méjèèjì ní súìtì kí wọ́n tó wọlé tán. Táyé mú fìlà búlúù, irú èyí táwọn ọmọ ogun àríwá ń dé. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí Kẹ́hìndé.

Mo wá a dé ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù, àfi bí mo ṣe já sí odindi ògiri ọjà òṣèlú. Pólò tó ń bú ààrẹ kan, pólò tó ń bú ààrẹ mìíràn, kọ́ọ̀bù, sítíkà, àti tíṣù ìnùdí tí wọ́n tẹ ojú olóṣèlú sí. Ẹni tó ń tà á ò tiẹ̀ ṣègbè. Bó o bá ń bínú sí ti ọ̀tún, tíṣù tìẹ wà. Bó bá jẹ́ ti òsì ni, tìẹ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye kan náà. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní nílé, a máa ń gbé ojú wọn sára ańkárá, ìgbà tí ìbò bá kọjá la tó ń fi í nulẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Kẹ́hìndé fi yọ. Ó ti so asíá kan mọ́ ọrùn, ó ń fò bí àwọn akọni inú fíìmù. Asíá pupa, ọ̀já búlúù méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, ìràwọ̀ funfun wà lórí ọ̀já náà. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti kà á, ìràwọ̀ mẹ́tàlá ni!" Ọmọ ọdún méje. Nítorí pé Táyé ka ẹṣin ni òun náà ṣe ń ka ìràwọ̀. Aṣọ náà ṣì ń rùn bíi rọ́bà tuntun.

Àdùkẹ́, ó lè jẹ́ pé o ti rí asíá náà rí tí o ò kà á sí. Asíá ogun àwọn ará gúúsù ni, àwọn Confederate, tí wọ́n ya kúrò lára Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ẹrú lọ́wọ́ wọn. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Igbákejì ààrẹ wọn, Alexander Stephens, ló dìde ní ìlú Savannah lóṣù Kẹta ọdún 1861 tó ní ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun àwọn ni pé ènìyàn dúdú ò bá funfun dọ́gba, pé ẹrú ni Ọlọ́run dá a fún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tó ti gbé asíá yìí ya fọ́tò wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ó jókòó tì wọ́n níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì yìnbọn pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni South Carolina tó sọ asíá náà kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìjọba wọn. Àwọn tó ń bójú tó ọgbà ìtàn ìjọba náà ní kí àwọn sọ́ọ̀bù inú ọgbà má ta á mọ́. Ṣùgbọ́n ìgboro ni a wà, òfin ò sì dí oníṣọ́ọ̀bù aládàáni lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ogún bàbá àwọn ni asíá náà. Mi ò ní pe gbogbo wọn ní òpùrọ́, bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Àmọ́ Pennsylvania, àríwá ni! Àwọn tó gbé asíá yẹn débẹ̀, ṣe ni wọ́n wá ṣígun bá ibẹ̀. Bàbá ta ni wọ́n ń ta ogún rẹ̀ níbẹ̀ gan-an?

Ìyá àgbà yẹn wá bá wa. Ó ní ọmọ mi rẹwà, pé asíá náà yẹ ẹ́, ṣé kí òun bá a dì í? Tó bá jẹ́ pé ó ranjú mọ́ mi ni, mi ò bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ̀rín ló ń rín. Mo tú asíá náà lọ́rùn Kẹ́hìndé, mo ní, "Ẹ ṣé mà, a ò rà á mọ́." Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti tẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Títí di òní ni mo ń bá orúnkún yẹn jà.

Kẹ́hìndé fi igbe ta. Táyé wò ó, ó bọ́ fìlà lórí, ó dá a padà sórí àtẹ. Báyìí la ṣe jáde lọ́wọ́ òfo. Nínú ọkọ̀, Kẹ́hìndé bi wá pé bí kò bá dára, kí ló dé tí wọ́n ń tà á. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ máàpù wò. Ọ̀nà tó ti mọ̀ látàárọ̀ o!

Ilé Abraham Brian la dúró sí lẹ́yìn náà. Ilé kékeré funfun kan, lórí Cemetery Ridge, òkè kan ní pápá ogun náà, kò ju pálọ̀ mi lọ púpọ̀. Aláwọ̀ dúdú ni Brian, àgbẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ogun gúúsù ń bọ̀, ó kó ìyàwó àtọmọ, ó sá. Ó mọ ohun tó ń sá fún: bí wọ́n ṣe wọ Pennsylvania ni wọ́n ń mú aláwọ̀ dúdú, àtẹni tó sá kúrò lóko ẹrú àtẹni tí wọ́n bí lómìnira, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí gúúsù. Ọjọ́ kẹta ogun náà, ìjà le dé ẹ̀bá ilé rẹ̀ gan-an. Nígbà tó padà dé, ọgbà ti wó, oko ti run. Ó bèèrè owó tó lé ní 1,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba. Dọ́là 15 ni wọ́n fún un.

Ẹnu ọ̀nà ilé náà ni mo ti sọ ọ́ fún wọn. Kẹ́hìndé ní, "Ṣé asíá yẹn ni wọ́n gbé wá?" Mo ní òun ni. Ó dákẹ́, ó ń fi bàtà ta òkúta. Ó wá ní, "Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ìbejì ńkọ́? Ṣé àwọn méjèèjì ni wọ́n máa kó, àbí ẹnì kan?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Táyé ló dá a lóhùn: "A máa sá ni."

Mo fi fọ́tò ilé náà sínú lẹ́tà yìí. Nínú àwọn méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ń yọ ahọ́n síta ni Kẹ́hìndé. Bá mi kí Ìyá, kí o sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Ìbejì