Ẹ Má Fi Òfin Pa Eléré Ìdárayá Lẹ́nu Mọ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí eléré ìdárayá gbájú mọ́ eré rẹ̀, kí ó fi òṣèlú sílẹ̀ fún olóṣèlú. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ta ló kọ́kọ́ gbé òṣèlú wọ pápá? Ìjọba ló ni àsíá àti orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ níbẹ̀. Lọ́dún 1976, ìjọba orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní ogún kọ ìdíje Olíńpíìkì Montreal sílẹ̀, torí pé ikọ̀ rugby New Zealand lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà, tó wà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n gba New Zealand láàyè ní Olíńpíìkì. Ohun tí wọ́n jà fún tọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ló sọ̀rọ̀, ẹni tó ti ń múra láti ọdún mẹ́rin ló pàdánù eré rẹ̀. Kí ló wá dé tí òun alára kò fi lè sọ tinú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Peter Norman kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní Mexico City lọ́dún 1968, lẹ́yìn eré mítà 200, Tommie Smith àti John Carlos na ẹ̀ṣẹ́ sókè lórí pèpéle nítorí ìyà tó ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò tilẹ̀ lanu. Síbẹ̀, wọ́n lé wọn kúrò ní ìdíje Olíńpíìkì náà. Norman, òyìnbó ará Ọsirélíà tó gba fàdákà, kò na ọwọ́ rárá. Báàjì kékeré ló lẹ̀ máyà láti kín wọn lẹ́yìn. Ó kú lọ́dún 2006, Smith àti Carlos sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ọdún 2012 ni ilé aṣòfin Ọsirélíà tó tọrọ àforíjì nítorí ohun tí wọ́n fojú Norman rí nígbà tó padà délé. Ta ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Lóòótọ́, wọ́n ti dẹ Òfin 50 Olíńpíìkì, èyí tó ka ìfẹ̀hónúhàn òṣèlú léèwọ̀ níbi ìdíje, díẹ̀ lọ́dún 2021: eléré lè fi èrò rẹ̀ hàn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí pèpéle, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó, èèwọ̀ ṣì ni.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè fẹ́ lo àǹfààní yẹn láti tan ìkórìíra kálẹ̀, ẹ̀rù yẹn sì ń ba èmi náà. Kí wọ́n fòfin de èébú àti ìkórìíra nígbà náà. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó na ọwọ́ tàbí tó lẹ báàjì, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí pèpéle tó fi òógùn rẹ̀ gùn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín