Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tí ì jáwọ́ lọ́rọ̀ àwọn akọni

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á tán kí n tó bọ́ bàtà. Ara tèmi náà le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò wo fíìmù àwọn akọni alágbára mọ́, pé wọ́n ti sú yín. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní kíka kọ́mìkì, tí ẹ máa ń wo ojú ewé kan ṣoṣo tí ẹ ó sì dárúkọ ẹni tó ya á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀.

Mo gbà fún yín níbì kan. Lẹ́yìn tí Avengers: Endgame jáde lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ Marvel ò jẹ́ ká mí mọ́. Nígbà tó di 2021, wọ́n fi eré orí tẹlifíṣọ̀n kún un, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ kí The Marvels yé òun dáadáa lọ́dún 2023, ó gbọ́dọ̀ ti wo Captain Marvel, kó wo WandaVision, kó tún wo Ms. Marvel. Ta ló ráyè? Kò sí fíìmù kankan tí ilé-iṣẹ́ Marvel fúnra rẹ̀ ṣe, láti Iron Man ọdún 2008, tó pa owó tó kéré tó ti The Marvels. Captain America: Brave New World tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 náà ò dùn mọ́ mi. Anthony Mackie sa gbogbo ipá rẹ̀, àmọ́ ìtàn náà ò mọ ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wá Superman tí James Gunn darí, tó jáde lóṣù keje ọdún 2025, kí ẹ wò ó. (Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀ fún yín, ẹ fo ìpínrọ̀ méjì tó kàn.)

Fíìmù náà ò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí Krypton, ayé tí wọ́n ti bí Superman, ṣe fọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú àwòrán, lẹ́yìn náà la bá Superman lórí yìnyín, ìjà tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ló ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń súfèé pe Krypto, ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kó wá wọ́ òun lọ sílé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Bí akọni kì í bá ṣubú, kí la ó máa bẹ̀rù fún? Nígbà tó yá, tí ẹranko abàmì kan ń wó ìlú, ó dá ọwọ́ ìjà dúró kó lè gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kan kúrò lọ́nà ikú. Àwọn kan pè é ní àṣejù. Èmi ò gbà: ẹni tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀mí ọ̀kẹ́rẹ́ ò sì kéré lójú rẹ̀, òun ni Superman tí ẹ mú mi mọ̀. Ibi tí Lois Lane, oníròyìn tó ń fẹ́, ti ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò náà dùn púpọ̀. Lois ní ta ló rán an kó lọ dá ogun orílẹ̀-èdè méjì dúró. Superman bínú, ó ní wọ́n fẹ́ pa èèyàn ni. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, fíìmù náà ò sì yára dá ẹnì kankan láre.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí Jor-El àti Lara, bàbá àti ìyá tó bí Superman ní Krypton, gbà sílẹ̀ fún un. Ìlàjì rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èyí tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ti sọ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀, ló ń gbọ́ láti kékeré, òun ló fi ń gbé ọkàn ró. Ìgbà tí àwọn èèyàn Lex Luthor, ọ̀tá rẹ̀, já wọ ilé rẹ̀ tí wọ́n tún ìyókù ṣe, gbogbo ayé gbọ́ ọ: wọ́n rán an wá kó wá jọba lé àwọn èèyàn lórí, kó sì fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí wọra. Ẹni tó wà lókè òkun mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá ń ṣe fúnni nígbà tí ilẹ̀ àjèjì bá le. Mo jókòó, mo ń retí pé ní ìgbẹ̀yìn wọ́n á sọ pé Luthor ló yí ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó gbà á tọ́ ló wá sọ fún un pé ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ló máa sọ irú ẹni tó jẹ́. Ní ìparí, àwòrán àwọn Kent tí wọ́n ń tọ́ ọ ní kékeré ló ń wò, mo sì sunkún. Síbẹ̀, mo rò pé wọ́n fìyà jẹ Jor-El àti Lara láìnídìí. Nínú èyí tí a jọ kà, ìfẹ́ ló mú wọn gbé ọmọ wọn sínú ọkọ̀. Ọmọ lè ní òbí rere méjì méjì. Ìkan ò di dandan kó burú kí èkejì tó dára.

Jerry Siegel àti Joe Shuster tí wọ́n dá Superman sílẹ̀, ọmọ àwọn Júù tó ṣí kúrò ní Yúróòpù ni àwọn náà. Wọ́n ta ẹ̀tọ́ Superman ní $130 lọ́dún 1938. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa fún wọn lówó ọdọọdún, tó sì dá orúkọ wọn padà sára iṣẹ́ wọn. Títí di òní, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí.

The Fantastic Four: First Steps náà ò bọ́ sórí àtẹ lásán. Galactus, abàmì ńlá tó ń jẹ ayé run, ní kí tọkọtaya kan fi ọmọ tuntun wọn ra gbogbo ayé padà, wọ́n kọ̀, àwọn ará ìlú sì kẹ̀yìn sí wọn. Ìbéèrè yẹn le ju ìjà ìparí lọ. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, The Penguin tọdún 2024 ni. Apá mẹ́jọ péré, ẹ ò sì ní láti wo nǹkan kan ṣáájú kó tó yé yín. Colin Farrell yí ojú padà débi pé èèyàn ò lè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n Cristin Milioti ló gba eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ni Sofia, ọmọbìnrin tí bàbá tó bí i lọ́mọ tì mọ́lé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá fúnra rẹ̀ dá. Ó gba ẹ̀bùn Emmy lórí rẹ̀ lọ́dún 2025, ó sì tọ́ sí i.

Mo fi kọ́mìkì Iyanu pamọ́ sẹ́yìn nítorí òun ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló ya á, Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2021. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di kàtúùnù lórí Cartoon Network. Ọmọbìnrin tó rò pé òun ò lẹ́nì kankan ni Iyanu, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olori ló tọ́ ọ, agbára tó wà lára rẹ̀ ò sì yé òun fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé náà ju kàtúùnù lọ. Akpan máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn sọ̀rọ̀. Kàtúùnù ń yára jù, ó sì ń ṣàlàyé ohun tí àwòrán ti sọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé gbọ́ Iyanu gẹ́gẹ́ bí orúkọ akọni, lórí ìkànnì tí gbogbo ayé ń wò! Nígbà tí a wà ní kékeré, kí la rí tó jọ ọ́?

Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á kí ẹ tó gbé e fún wọn, nítorí mo mọ ọwọ́ wọn. Tí ẹ bá sì ti wo Superman tán, ẹ kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ Jor-El àti Lara yẹn. Bí ẹ bá ní wọ́n jàre, màá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti ṣàlàyé dáadáa.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àbúrò yín