Kí ẹ tó ní CDI ló jó, ẹ fi mítà wò ó

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta jàre, inú ń bí mi. Ọ̀kadà mi ṣàdédé kọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, sítátà ń yí, bátìrì le dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbiná. Rewáyà ò tíì tú nǹkan kan tó fi ní CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ló jó, mo ra tuntun, kò ṣiṣẹ́, ó tún ní kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì ni, mo tún rà á, bí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ṣe lọ nìyẹn.

Bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa ló yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi ara ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n tẹ sítátà, iná ò ṣẹ́ rárá. Ló bá fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò wo pulser, sẹ́ńsọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń sọ fún CDI ìgbà tó yẹ kó tanná. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ka 100 sí 300 óòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná), ó yàtọ̀ láti máṣíìnì kan sí èkejì, tèmi ò ka nǹkan kan, wáyà inú ẹ̀ ti já. Bàbá ní òmíì tiẹ̀ wà tó máa ń dáa tó bá tutù, àfi tó bá gbóná tán kó tó dákú, ìyẹn ló máa ń da orí àwọn rewáyà rú jù. Àwọn ọ̀kadà tó ní swíìṣì lára sítáǹdì, èyí tó ń pa iná tí sítáǹdì bá wà nílẹ̀, náà ńkọ́? Ìdọ̀tí lásán lára swíìṣì yẹn lè dá ọ̀kadà dúró.

Ẹ̀yin ọ̀gá rewáyà, kí ọmọ iṣẹ́ yín tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó ní mítà tiẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n lò.

Èmi ni,
Ọlọ́kadà kan, Ìbàdàn